Ta Ló Nu Ṣọ́ọ̀kì Ara Ògiri?

"Ọwọ́ rẹ tutù," ni Màmá Àgbà wí, ó sì gbá ọwọ́ náà dànù ní èjìká rẹ̀. "Ọmọ wo ló ń fi ọwọ́ bí omi yìnyín wẹ àgbàlagbà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè. Mo ti pẹ́."

"Ṣé èmi ni mo ní kí o wá wẹ̀ mí?"

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí Màmá Àgbà ti ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì sán, kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá etí ọpọ́n ìwẹ̀ mọ́. Ọpọ́n náà ga dé orúnkún. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ló ń gbé e wọlé, òun ló ń gbé e jáde, òun náà ló ń fi ọṣẹ pa á lẹ́yìn. Ọlọ́wọ́-tútù ni arúgbó náà sọ ọ́, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára débi pé ìyá tó bí i pàápàá ń fi pè é.

Inú ń bí Ọlọ́wọ́-tútù, nítorí ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ dé ilé ìwé. Inú ń bí Màmá Àgbà jù ú lọ. Obìnrin tó bí ọmọ, tó tọ́ ọmọ, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ gbogbo wọn, òun ni ọmọdé wá ń wo ìhòòhò rẹ̀ láràárọ̀ báyìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí òun tún lè wọ balùwẹ̀ lóun nìkan, kí òun sì ti ilẹ̀kùn.

Onítáìlì ni bàbá Ọlọ́wọ́-tútù, ọmọ Màmá Àgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ táìlì sí balùwẹ̀ náà nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọlé. Àbúrò ìyá Ọlọ́wọ́-tútù, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, iṣẹ́ maikirosìmẹ́ǹtì ló ń ṣe ní tirẹ̀: sìmẹ́ǹtì tó kúnná bí àtíkè, tí wọ́n ń pò, tí wọ́n sì ń rẹ́ mọ́ ilẹ̀ àti ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí gbogbo yàrá á fi dà bí ohun tí wọ́n gbẹ́ lára òkúta kan. Bàbá a máa pè é ní Oníkíríìmù, pé ìpara ló ń fi pa ilé fún àwọn èèyàn. Ẹnu ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, àmọ́ àwọn oníbàárà tó ń pè é tẹ́lẹ̀ ti ń pe Àǹtí, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká a lára.

Lọ́jọ́ tí ìyá sọ pé Àǹtí ni yóò tún balùwẹ̀ ṣe, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa aṣọ ya.

"A ó yọ ọpọ́n yẹn kúrò," ni Àǹtí ṣàlàyé. "Ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ látẹnu ọ̀nà, á kàn dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síbi tí omi ń gbà jáde. Kò sí nǹkan tí Màmá máa gbẹ́sẹ̀ kọjá. Mi ò ní fọ́ táìlì ara ògiri, orí wọn ni màá rẹ́ ẹ lé. Kò sì ní sí àlàfo láàárín táìlì mọ́, níbi tí ìdọ̀tí dúdú yẹn ń sá pa mọ́ sí."

"Bí nǹkan bá wá já lulẹ̀, tó họ ọ́ ńkọ́?" ni Bàbá bèèrè. "Bí táìlì kan bá fọ́, ọ̀kan ni màá yọ. Tìrẹ ńkọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ, Bọ̀dá. Èèyàn ò lè lẹ̀ ẹ́ lójú kan kó má hàn. Odindi ògiri la sábà máa ń tún ṣe. Ó sì ń fẹ́ sùúrù. Ẹ ò ní da omi sí i títí fáníìṣì orí rẹ̀ á fi gbẹ dáadáa, ẹ ò sì ní fi kẹ́míkà líle fọ̀ ọ́ láéláé, torí ó máa jẹ fáníìṣì yẹn, omi á wá ráyè wọlé. Mi ò ní purọ́ fún yín."

"Ìwọ tí o ní táìlì ló dáa," ni Màmá Àgbà dá sí i látorí àga rẹ̀, "ṣebí orí táìlì rẹ ni mo ti yọ̀ ṣubú."

Bàbá dìde kúrò níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n yọ ọpọ́n ìwẹ̀, Àǹtí fẹ́ sáré lọ gbé àwọ̀n tí yóò tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́. Ó fún Ọlọ́wọ́-tútù ní ṣíbí onírin kan àti ṣọ́ọ̀kì.

"Kan gbogbo táìlì ara ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan," ló sọ fún un. "Èyí tó bá di mọ́ ògiri dáadáa, á dún bí òkúta. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, á dún bí igbá. Fa àgbélébùú sí tigbá. A gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ò nípọn, ibi tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá lọ lòun náà máa lọ."

Ọlọ́wọ́-tútù bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n. Kó, kó, kó. Nígbà tó dé igun tí ẹnu ẹ̀rọ omi wà, ohùn yí padà. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Igbá ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igbá. Kò pẹ́ tí igun náà fi kún fún àgbélébùú funfun.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti bá a. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ògiri, ojú rẹ̀ sì le.

"Ta ló ní kí o kọ nǹkan sára iṣẹ́ mi?"

"Àǹtí ni, Bàbá. Wọ́n ní kí n wá èyí tó ṣófo."

Bàbá fi ìka kan ọ̀kan. Kò kan èkejì. Ó mọ̀. Onítáìlì wo ni kò ní mọ̀? Ó mú àkísà tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì nu gbogbo rẹ̀ mọ́ fínnífínní, bí àgbà tó ń pa eré ọmọdé rẹ́.

"Ṣé o fẹ́ kó lọ máa sọ kiri pé bàbá rẹ ò mọṣẹ́?" ló bi í. "Orúkọ mi ló ń gbé oúnjẹ tí ò ń jẹ wálé. Bó bá bi ọ́, o ò rí nǹkan kan."

Ọlọ́wọ́-tútù lè sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnu, ìyá rẹ̀ kì í sì í sinmi àtimáa sọ fún un pé ẹnu náà gùn jù. Ṣùgbọ́n ojú ń ti bàbá rẹ̀, kò sì tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó tún rò ó pé bí wọ́n bá yọ táìlì, iṣẹ́ á pẹ́ sí i, òun á sì tún máa wẹ arúgbó fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Àǹtí dé, tó bèèrè pé, "Kò sí ìkankan?" ó dá a lóhùn pé, "Kò sí."

"Etí rẹ dá mi lójú," ni Àǹtí wí, ó sì ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

Iṣẹ́ náà dára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àǹtí tẹ́ àwọ̀n, ó rẹ́ ìpele kìíní, ó fi pépà oníyanrìn ha á, ó tún rẹ́ ẹ, ó wá fi fáníìṣì kádìí rẹ̀. Wọ́n dúró títí ó fi gbẹ. Lọ́jọ́ tí Màmá Àgbà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì kan ìlà kankan. Ó lé gbogbo èèyàn jáde. Wọ́n gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ omi, wọ́n sì gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìyá fẹ́ kanlẹ̀kùn. "Ẹ fi mí sílẹ̀," ló dá wọn lóhùn, "mo ń wẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, Ọlọ́wọ́-tútù kò pẹ́ dé ilé ìwé mọ́.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ ní igun tí ẹnu ẹ̀rọ omi wà. Ọlọ́wọ́-tútù rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìlà náà gùn sí i, ó sì la ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Àgbà ń fi ọṣẹ para lọ́wọ́ ni apá kan ògiri náà já, tòun ti táìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí kò fi ṣubú. Nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé, ó di ògiri mú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní àtàǹpàkò rẹ̀, gbogbo ilé sì tún ń wo ìhòòhò rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní kí wọ́n fún òun láṣọ. Láti ọjọ́ kejì, abọ́ omi nínú yàrá ló kù, àti ọwọ́ tútù.

Àǹtí wá wò ó. Ó kúnlẹ̀ níwájú ògiri, ó ń fi ọwọ́ pa ibi tó já. Ó ti bá oníbàárà kan ṣe àdéhùn pé kó wá wo iṣẹ́ òun nínú ilé yìí gan-an, nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ ṣe balùwẹ̀ fún ìyá tirẹ̀. Obìnrin náà sì wọlé dé bí wọ́n ṣe dúró níbẹ̀.

Bàbá ló ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni ò rán an.

"Ẹ wọlé, ẹ wò ó dáadáa," ló wí. "Mo sọ ọ́, wọ́n ní ìlara ni. Ìpara ojú lásán ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ni Àǹtí wí.

"Jọ̀ọ́ kí ni? Ẹni tí ò mọ iṣẹ́ tó lóun mọ iṣẹ́."

Ọlọ́wọ́-tútù bọ́ síwájú. Ó ti ń bínú láti ọjọ́ pípẹ́, kò kàn mọ ẹni tó yẹ kí òun bínú sí ni.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ nu ṣọ́ọ̀kì náà," ló wí. "Mo kan àwọn táìlì yẹn. Wọ́n ṣófo. Mo fàlà sí wọn, ẹ nù ún, ẹ ní kí n má sọ. Èmi náà ò sì sọ."

Nọ́ọ̀sì náà wo ẹnì kan, ó wo èkejì, ó ní òun á padà wá. Kò padà wá.

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ gbéra. Ó fẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì wọ́ wọlé, ó sì fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó já. Ó dún bí igbá. Ó kan òmíràn. Igbá.

"Ta ló lẹ̀ ẹ́?" ló bi ọmọ rẹ̀.

Bàbá ń wo ilẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Ta ló lẹ táìlì yìí?"

"Èmi ni, Màámi. Mò ń kánjú nígbà náà. Sìmẹ́ǹtì tí mo fi sẹ́yìn wọn ò kárí."

"O mọ̀ ọ́n, o sì jẹ́ kí n máa wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀."

Bàbá lọ mú òòlù wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lulẹ̀.

Ọlọ́wọ́-tútù tẹ̀lé Àǹtí dé ẹnu ọ̀nà ìta, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ máa bínú. Bàbá ló ní kí n..."

"Dákẹ́." Àǹtí kò gbé ohùn sókè. "Bàbá rẹ gba orúkọ rẹ̀ là, ó sì fi tèmi dí i. Mo máa bá a jà fúnra mi. Ìwọ ni mo gbé ṣíbí lé lọ́wọ́. Mo bi ọ́, o wojú mi, o ní kò sí. Èmi náà jẹ̀bi, ó yẹ kí n fi ọwọ́ ara mi kàn án. Ṣùgbọ́n mo gbà ọ́ gbọ́."

Àǹtí padà wá tún ògiri náà ṣe látòkè délẹ̀, nítorí Màmá Àgbà, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ó fún Ọlọ́wọ́-tútù ní ṣíbí. Ọmọ náà kan gbogbo táìlì tó ṣẹ́ kù, ó ń pe ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Nígbà tó parí, Àǹtí gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sí ti àkọ́kọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n. Gbogbo wọn ni. Ọlọ́wọ́-tútù dúró tì í, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìbá sàn fún un ká ní Àǹtí gbá a létí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ̀yin náà á rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ fẹ́ràn á ní kí ẹ bo nǹkan mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ òun. Ẹ má ṣe é. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹlòmíràn ni ògiri náà máa wó lé lórí, ẹnu yín ni wọn ò sì ní gbà gbọ́ mọ́.

Màmá Àgbà ti padà sí balùwẹ̀ rẹ̀. Ó ń ti ilẹ̀kùn láràárọ̀. Ọlọ́wọ́-tútù a máa bá Àǹtí lọ síbi iṣẹ́ nígbà ìsinmi, ó ń kan táìlì, ó ń fa àgbélébùú, kò sì tíì ṣì í lẹ́ẹ̀kan rí. Títí di òní, Àǹtí ṣì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń tún un kàn.