Oṣù Méje Lórí Abẹ́rẹ́ Kan

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára ìkòkò yẹn! Mo ní kó o gbé e kúrò! Ọwọ́ tó ń gún ọmọ aráyé lábẹ́rẹ́ ikú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní se ọbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láyé!"

Adébùsọ́lá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná wọn ní Jiddari Polo, nílùú Maiduguri, láàárọ̀ Sátidé kan ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ó na orógùn sókè bí ẹni tó fẹ́ fọ́ orí ènìyàn. Fèyíkẹ́mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, rọra fi ìdérí ìkòkò sílẹ̀.

"Àǹtí Bùsọ́lá, ẹ káàárọ̀. Omi lásán ni mo fẹ́ gbé kaná."

"Má kí mi! Lọ kí àwọn tó rán ẹ níṣẹ́!"

Ẹ jẹ́ ká sọ bọ́rọ̀ ṣe débẹ̀, torí ó ń bí ènìyàn nínú. Nọ́ọ̀sì ni Fèyíkẹ́mi. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Gamboru ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn aráàlú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà dé nínú oṣù Kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n kọ́kọ́ fún, Fèyíkẹ́mi sì gba tirẹ̀. Ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, bí a bá lè pe òtítọ́ ní àṣìṣe.

Ọládòṣù ọkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì ni, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Maiduguri. Ọkùnrin tó fẹ́ràn àtẹ́wọ́ ju oúnjẹ lọ ni. Ojoojúmọ́ ló ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù ẹgbẹ́: abẹ́rẹ́ ń sọ obìnrin di àgàn, abẹ́rẹ́ ń gba agbára lára ọkùnrin, abẹ́rẹ́ gan-an ló bí ẹ̀yà àrùn tí wọ́n ń pè ní Dẹ́ltà! Bí wọ́n bá ti kọ "Ẹ ṣeun, Ọ̀mọ̀wé wa!" sábẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn di alẹ́. Lọ́jọ́ tó gbọ́ pé ìyàwó òun ti gba abẹ́rẹ́, ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá ìwé, ó ní kí ohun tó wà lára rẹ̀ má baà ran òun. Kò bá a sùn mọ́, kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Oṣù méje gbáko!

Adébùsọ́lá, tó ń ta aṣọ ní Monday Market, tí wọ́n fi àánú gbà sílé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ló bá gba ilé ìdáná. Ó tún ń sọ ọ́ kiri ọjà pé ẹ̀gbọ́n òun nílò ìyàwó tuntun tí ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ̀fẹ́, ọmọ wọn obìnrin tí Hausa dán lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, bi ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Mama, me ya sa Baba ba ya cin abincinki?" Kí ló dé tí Baba kì í jẹ oúnjẹ rẹ? Fèyíkẹ́mi fọwọ́ pa á lórí. Ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó ṣí omi kí ọmọ má baà gbọ́ ẹkún.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ariwo orógùn ló gbé Ọládòṣù jáde.

"Fèyíkẹ́mi, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Àná ni wọ́n tún kéde ẹ̀yà tuntun mìíràn, Ọmíkírọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ lẹ̀ ń gbé e kiri!"

"Bàbá Ọ̀rẹ̀fẹ́, àrùn ni wọ́n rí, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló bí i. Ẹ̀yin fúnra yín sì ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Istanbul nínú oṣù Kìíní. Ṣé wọn ò ní béèrè káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín ni?"

"Ọlọ́run tó ń gbé mi lọ á gbé mi wọlé!" Ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Kẹ̀kẹ́ Napep kan dúró níwájú ilé. Toyibat, ìyàwó Àlàájì Lájídé tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, ló sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àpótí rẹ̀. Umrah ló ní òun ń lọ, àwọn kan tiẹ̀ ti ń pè é ní Hájíà kó tó wọkọ̀. Kánò ni wọ́n ti dá a padà.

"Fèyíkẹ́mi! O ti dójú tì mí láàárín èrò! Wallahi, mi ò ní dárí jì ọ́!"

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Káàdì tó o bá mi ṣe! Àbúrò ọkọ rẹ ló gbé e wá, ó ní ìwọ lo kọ ọ́ níbi iṣẹ́, pé n kò ní gba abẹ́rẹ́ kankan. Ọkọ rẹ ló ń dẹ́rù bà wá lójoojúmọ́, ni mo ṣe ní kí n gba káàdì lásán. Ọ̀gá tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú na fóònù sí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní káàdì ọkùnrin ni mo mú wá!"

Fèyíkẹ́mi yíjú sí Adébùsọ́lá. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fi orúkọ mi ta káàdì?"

"Orúkọ ta ni? Ìwọ lo kó o fún mi! Bí mo bá purọ́, kí ojú ọjà mi dá páropáro!"

Ọkọ tó yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀ wò, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Lọ́la, lójú gbogbo ẹgbẹ́, o máa jẹ́jọ́. Èmi fúnra mi ni màá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín. Bí wọ́n bá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́, èmi náà á lé ẹ nílé!"

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí Fèyíkẹ́mi fi ń ṣe nọ́ọ̀sì ló fẹ́ wọmi lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há sí i létí: káàdì ọkùnrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ pé sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú ọgbà Àlàájì Lájídé: olùkọ́, dókítà, ọlọ́pàá, oníṣòwò. Ọládòṣù dìde, ó tún fìlà ṣe.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti kìlọ̀ abẹ́rẹ́ yìí fún yín tó! Mi ò mọ̀ pé inú ilé tèmi ni jìbìtì wà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo kọ obìnrin yìí lójú gbogbo yín!"

Adébùsọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe bí ọkùnrin!"

"Ó tó!" ni Àlàájì Lájídé wí. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Fèyíkẹ́mi, wá fọhùn."

Fèyíkẹ́mi dìde. Ó mú fóònù ibi iṣẹ́ wọn jáde nínú àpò.

"Àlàájì, ohun kan ni mo tọrọ. Ẹ wo àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tó wà lára káàdì Ìyáàfin Toyibat. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Orúkọ ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gún un ló wà nínú rẹ̀. Ojú lásán ò lè kà á, fóònù yìí ló ń kà á. Ẹ má jẹ́ kí èmi kà á, kí wọ́n má baà ní mo purọ́."

Ní ìṣẹ́jú yẹn, Adébùsọ́lá dìde dúró. "Kò sí ìdí fún gbogbo èyí! Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé!"

"Jókòó!" ni Àlàájì pàṣẹ.

Sájẹ́ǹtì Ọláṣẹ́gun, tó ń gbé ní bárékè ọlọ́pàá, gba fóònù, ó na án sí káàdì. Ó kà á, ó tún un kà, ó wo ojú Ọládòṣù.

"Kai! Àlàájì, bóyá ká wọlé lọ sọ ọ́ ní kọ́lọ́fín..."

"Níta ni wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́, níta la ó ti gbọ́. Kà á sókè!"

"Ọládòṣù Jayéọlá. Ọkùnrin. Abẹ́rẹ́ kìíní, Kánò, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin. Abẹ́rẹ́ kejì, Kánò, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje."

Àwọn tó wà níwájú na ọrùn wo fóònù náà.

"Irọ́ ni!" Ọládòṣù fò sókè. "Ẹ̀rọ ló ṣì í kà! Èmi? Abẹ́rẹ́? Láéláé!"

Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dìde lẹ́yìn, ojú ń tì í. Wọ́n ti ní ẹni tí kò bá ní káàdì kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ó fa káàdì kan yọ. "Sájẹ́ǹtì, dákun, bá mi wo tèmi." Sájẹ́ǹtì na fóònù sí i: Ọládòṣù Jayéọlá. Obìnrin kan tún mú tirẹ̀ wá: Ọládòṣù Jayéọlá. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lápò ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú báàgì, títí káàdì fi pé mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tó ní òun ò gba abẹ́rẹ́ ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ rẹ̀ sì wà lápò ènìyàn mẹ́sàn-án!

Ọládòṣù kọjú sí àbúrò rẹ̀, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. "Bùsọ́lá! O tú ẹrù mi?"

"Inú ìwé ńlá orí pẹpẹ rẹ ni mo ti rí i nígbà tí mò ń gbálẹ̀!"

"Olè! Aláìmoore!"

"Olè bí tìẹ! Mo fi típẹ́ẹ̀sì pa orúkọ rẹ rẹ́, mo sì ṣe é ní fótókọ́pì aláwọ̀! Ta ló mọ̀ pé àmì yẹn ń sọ̀rọ̀? Ìwọ lò ń dẹ́rù bà wọ́n, bí o bá ṣe ń dẹ́rù bà wọ́n tó ni wọ́n ṣe ń wá káàdì tó! Kí ló dé tí o ò dá ẹ̀rù ba ara rẹ?"

Fèyíkẹ́mi ò gbọ́ ìyókù. Oṣù Kẹrin, oṣù Keje. Ìgbà méjèèjì ni ọkọ rẹ̀ ní òun ń lọ bá wọn máàkì ìwé ìdánwò ní Kánò, òun ló sì bá a di àpò. Ó dojú kọ ọ́.

"Bàbá Ọ̀rẹ̀fẹ́, ọjọ́ kẹta tí mo gba abẹ́rẹ́ tèmi lẹ lọ gba tiyín. Ẹ darí dé, ẹ ò dá ìrọ̀rí yín padà, ẹ ṣì ní kí n má ran yín! Kí ni mo fẹ́ ràn yín tí kò ti sí lápá yín? Ọmọ yín ń bi mí ohun tí mo ṣe. Mo ń wá a nínú ara mi fún oṣù méje, mi ò rí i!"

Ọ̀mọ̀wé tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ wolẹ̀. "Wọ́n... wọ́n á ti rò pé ẹ̀rù ń bà mí," ló sọ. Nítorí àtẹ́wọ́! Nítorí àtẹ́wọ́ lásán ni!

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọ́n gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ Ọládòṣù níbẹ̀ náà. Toyibat kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú Fèyíkẹ́mi, ó ń bẹ̀bẹ̀. Sájẹ́ǹtì mú Adébùsọ́lá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nígbà tí wọ́n sì fi jẹ́ kó jáde, kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Monday Market mọ́. Ojú ọjà rẹ̀ dá páropáro, bó ṣe fẹnu ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ, ló bá palẹ̀ mọ́, ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ọládòṣù wà nínú yàrá ìwé rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó mi, ọbẹ̀ yẹn ń ta sánsán. Dákun, dárí jì mí."

"Kọ̀rọ̀ kọ́ lẹ ti kọ̀ mí, Bàbá Ọ̀rẹ̀fẹ́. Abẹ́rẹ́ kẹta ti dé. Ẹ wá sí Gamboru, kẹ́ ẹ tò sórí ìlà bíi gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, a lè wá sọ̀rọ̀ ọbẹ̀."

Ó wá, nínú oṣù Kejìlá. Ìlà gùn lọ́jọ́ náà, ọmọ ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, Toyibat ló wà níwájú. Nígbà tó kan Ọládòṣù, ó jókòó, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó na káàdì rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ kó gún un kíákíá kóun máa lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ní òfin tirẹ̀, nọ́ọ̀sì kì í gún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bi í. Fèyíkẹ́mi mú bírò.

"Orúkọ yín, sà?"

"Ọládòṣù Jayéọlá."

"Ṣé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yìí rí?"

Àwọn tó wà lórí ìlà sún mọ́ wọn. Ó wẹ̀yìn, ó rí gbogbo àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́ yín, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ̀ẹ̀mejì!"

"Ẹ ṣeun." Fèyíkẹ́mi kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi òwú nu apá rẹ̀.