Aṣọ Ìbòrí Ẹ̀rọ Gàní

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú oṣù Erénà ni Gàní kọ́kọ́ rí i, lórí mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré kan, nínú eruku pupa tó gba gbogbo títì Banikanni ní Parakou. Ó fi ọwọ́ kan wa mobilẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ kejì di nǹkan kan mọ́ àyà, tó fi gèlè funfun wé. Gàní rò pé ọmọ tuntun ni. Ó fò dìde nídìí rédíò tó ń tún ṣe, ó sáré jáde.

"Ẹ rọra o, ìyá ìkókó!"

Ọmọbìnrin náà dúró, ó tú gèlè, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan hàn án. Ẹ̀rín pa á títí eruku fi kó sí i lẹ́nu.

"Ìkókó mi rèé. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ ní ẹ̀rọ tó lè gbà á ní gbogbo Parakou."

Ojú ti Gàní, inú rẹ̀ sì ń dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tí irú èyí bá ti ṣe, ẹ má wulẹ̀ bi í pé kí ló ṣe é.

Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, olùkọ́ ni, mẹ́tírẹ́ẹ̀sì bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, iléèwé kan ní Titirou ni wọ́n gbé e sí. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré yìí, irú èyí tí ayé ti ń fi sílẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Akínọlá fi ya àwòrán ìyá wọn nígbà tó wá sílé láti òkè òkun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá kú. Kò sí ẹni tó tíì wò ó, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó ń gba irú rẹ̀ ní Ṣábẹ̀. Bàbá wọn ń fẹ́ kí wọ́n dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì ńlá, èyí tí ẹ̀rọ ilé pásítọ̀ wọn ń lò, kí ẹbí lè gbọ́ ohùn ìyá lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ bá pé.

"Bàbá ní n kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá wà ni kí n wà."

"Ẹ jókòó tì í nígbà náà, kámáráàdì mẹ́tírẹ́ẹ̀sì."

Kámáráàdì ni gbogbo ayé ń pe ara wọn nígbà yẹn, lábẹ́ ìjọba sọ́ṣálísì, lórí rédíò, ní ọ́fíìsì, lára pátákó pupa. Ṣùgbọ́n bí Gàní ṣe pè é lọ́jọ́ náà, ẹ gbà mí gbọ́, wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé.

Ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjì pọ̀, kí èkíní máa ṣe eré, kí èkejì máa gbà á sílẹ̀. Yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ búlúù tẹlifíṣọ̀n tàn sí wọn lójú, obìnrin kan sì yọ lábẹ́ igi, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

"Akínọlá, ṣé ó ti ń yà mí? Ṣé mo rẹwà?"

Abọ́sẹ̀dé fi ọwọ́ bo ẹnu. Gàní yí ojú sí ògiri, kó má baà dà bí ẹni tó ń wo ẹkún ẹlẹ́kún. Kò pẹ́ púpọ̀, kúráǹ, iná mànàmáná, lọ ní gbogbo àdúgbò, ìyá sì parẹ́.

"Ẹ padà wá ní Sátidé," ni Gàní wí. Inú rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníkúráǹ.

Ní Sátidé, Abọ́sẹ̀dé kò mú kásẹ́ẹ̀tì nìkan wá. Ó mú aṣọ kan jáde, aṣọ búlúù tó nípọn, tó tẹ́ aṣọ míì sí nínú, tí ó fi òwú pupa kọ K àti G sí lára.

"Eruku yín ti pọ̀ jù. Mo rán èyí fún ẹ̀rọ yín."

"K.G. ńkọ́?"

"Kámáráàdì Gàní ni."

Yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀, kò sí obìnrin tó rán nǹkan fún Gàní rí. Ó tẹ́ aṣọ náà bo ẹ̀rọ, ó fà á délẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé lọ tán, ó ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dì í sínú ọ̀rá, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ Iléyá rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rán nítorí eruku, òun ló ń gbé sá fún eruku! Àfi ìgbà tó bá gbọ́ ìró mobilẹ́ẹ̀tì náà ló máa ń sáré lọ mú un.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tan ẹ̀rọ, ìyá á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi, ó di pìì, ẹ̀rọ kú. Nígbà míì, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Nígbà míì, méje péré. Kò ní déédéé. Gàní ní kúráǹ ni. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó fi alukóòlù nu ojú ẹ̀rọ, ó yí bẹ́líìtì padà, ó yá ẹ̀rọ tó ń mú kúráǹ dúró lọ́wọ́ Abraham, ọ̀rẹ́ rẹ̀ alátùn-únṣe bíi tirẹ̀. Pàbó ni. Àwọn ọjọ́ tí Abọ́sẹ̀dé kò sí níbẹ̀, ó fi ẹ̀rọ náà da kásẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíì kọ, wọ́n dé òpin láìsí wàhálà.

Bí ẹ̀rọ bá ti kú, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì jáde lọ dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ wàrà wàgásì díndín, tí fèrè ọkọ̀ ojú irin ń dún lókèèrè. Níbẹ̀ ni "ẹ" ti di "o" láìsí pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i.

"Ṣé o kò mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ kí n lè máa wá?" Abọ́sẹ̀dé bi í lọ́jọ́ kan.

"Ká ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni, ǹ bá ti ṣe é tipẹ́." Ó gbé wàgásì rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ, Abọ́sẹ̀dé. Mo ti sọ ọ́."

Abọ́sẹ̀dé wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. "Mo gbọ́," ni ó wí, "sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àlájà Sìdíkátù, ìyá Gàní, ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, ojú rẹ̀ sì mú. Ó fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ọmọ ilé mùsùlùmí. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ó rò pé Gàní nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Kásẹ́ẹ̀tì Kàsìmáwò, o dà á kọ, ẹ̀rọ kò kú. Ti Òjó, kò kú. Ọmọ yìí bá ti wọlé, ẹ̀rọ a kú. Gàní, orí yín kò bára mu. Ọlọ́run ló ń fi hàn ọ́."

Abọ́sẹ̀dé ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí Àlájà, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Bóyá òótọ́ ni màmá sọ, Gàní. Àárọ̀ Sátidé ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ fún ọdún ìyá mi. Màá wá ní Jímọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá lọ bẹ bàbá mi, màá sì ní kí wọ́n gbé mi padà sí Ṣábẹ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, oòrùn Parakou fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ páànù. Gàní ti kírun dé, ó tẹ́ aṣọ náà bo ẹ̀rọ. Àlájà wá jókòó sí igun yàrá, ó fẹ́ rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Abọ́sẹ̀dé yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń pe àwọn adìyẹ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kẹfà, pìì.

Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún. Gàní dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ọlọ́jà aṣọ ni Àlájà, kì í jókòó ti aṣọ kó má fọwọ́ wò ó. Ó na ọwọ́ sí aṣọ búlúù náà kó lè mọ bó ṣe nípọn tó, ló bá fa ọwọ́ yọ.

"Yéè! Gàní, ṣé iná lo dá sábẹ́ aṣọ yìí ni? Ibà ń ṣe ẹ̀rọ, o wá fi aṣọ òtútù bò ó?"

Gàní ká aṣọ kúrò. Ooru tó jáde láti inú àwọn ihò ẹ̀rọ lù ú lójú.

"Ta ló ní kí o bò ó?"

"Abọ́sẹ̀dé ló rán an, màmá."

"Nígbà tí kò bá sí níbí ńkọ́?"

Gàní wolẹ̀. "Mo máa ń kó o sínú àpótí aṣọ Iléyá mi. Kí eruku má baà bà á jẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àlájà, ó rín in títí ó fi di ìhà mú. "Háà, mo bí ọmọ! Kì í ṣe orí ọmọ ọlọ́mọ ló ń pa ẹ̀rọ, ọpọlọ ọmọ mi ni!"

"Ìwọ tí ò ń tún ẹ̀rọ ṣe fún gbogbo Parakou!" Abọ́sẹ̀dé wí, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ ọn lójú.

Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù. Wọ́n tún un tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, Àlájà fúnra rẹ̀ sì mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọgbọ̀n kọjá. Wọ́n dé ibi tí Abọ́sẹ̀dé kò dé rí. Nínú ìmọ́lẹ̀ búlúù náà, ìyá sún mọ́ wọn, ó ń wò wọ́n tààrà.

"Akínọlá, sọ fún àbúrò rẹ pé kó má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìlú tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dí i lọ́wọ́. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ kò bá sú ni kó fẹ́. Kí ìyá ọkọ rẹ̀ bá mi tọ́jú rẹ̀, bí mi ò bá sí."

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ Àlájà.

"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Títílayọ̀ ni, màmá."

Àlájà kọjú sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń dáhùn ìkíni lójú ọ̀nà. "Títílayọ̀, mo gbọ́," ni ó wí. Ó sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lọ títí kásẹ́ẹ̀tì fi parí.

Abọ́sẹ̀dé wọ ọkọ̀ ojú irin ní Sátidé, kásẹ́ẹ̀tì méjì wà nínú gèlè funfun. Lọ́jọ́ ọdún ìyá, bàbá rẹ̀ gbọ́ ohùn náà ní ilé pásítọ̀. Ó sọkún, ó nu ojú, ó ní, "Ta ni ẹni náà tí ìṣòro rẹ kò sú? Mú un wá."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹbí Gàní sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀. Àlájà Sìdíkátù ló gbé àwo obì, aṣọ búlúù kan ló sì fi bò ó. Abọ́sẹ̀dé ti tú òwú K kúrò lára rẹ̀, ó ti kọ A sí ipò rẹ̀. A.G. Kò sí kámáráàdì níbẹ̀ mọ́.

Àlájà kúnlẹ̀, ó gbé àwo sílẹ̀ níwájú bàbá ìyàwó. Kó tó ṣí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan aṣọ náà, ó wo Gàní, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó tutù," ni ó wí.

Gbogbo ilé ṣe àmín.