Ilé Òkè Ìyá Stamatia

Kò sí ẹni tí kò mọ ilé òkè Ìyá Stamatia ní erékùṣù wa. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló kọ́ ọ lé orí tiwọn, ó ní ti Anthoula ni, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, kó lè ríbi wọ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ́kọ. Anthoula lọ́kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Jámánì ló bá ọkọ lọ. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni ìyá rẹ̀ ń gòkè lọ ṣí fèrèsé, á gbọn aṣọ funfun tó fi bo àga àti bẹ́ẹ̀dì, á sì tún ti ilé pa.

Nígbà tí Ọdún Àjíǹde ku díẹ̀, ó pàdé Evanthia, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wa, níwájú ilé búrẹ́dì. Ojú tíṣà náà pọ́n.

"Tíṣà, kí ló ṣe ẹ́? Àbí àwẹ̀ ti fẹ́ pa ẹ́ ni?"

"Onílé mi ló ní kí n kó jáde, Mà. Àwọn arìnrìn-àjò ìgbà ẹ̀rùn ti ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń san lọ́sẹ̀ kan ju èyí tí mò ń san lóṣù lọ. Mo ti wá ilé títí, mi ò rí. Ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ Ajé ni mo máa wọ̀ padà sílé."

"Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"Wọn ò ní rí tíṣà míì rán wá, Mà. Wọ́n á ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn pa ni."

Ìyá fi búrẹ́dì há abíyá, ó forí lé ilé. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn lòun ti mọ̀wé kà, ibẹ̀ ni Anthoula náà ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó délé, ó gbójú sókè wo fèrèsé tó wà ní títì, ojú sì tì í gan-an.

Ó ránṣẹ́ pe Chrysoula, ọmọ tó ṣe ìyá ìsàmì fún, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó gbé kọfí síwájú rẹ̀ àti èso tí wọ́n fi ṣúgà sè.

"Mo fẹ́ fún tíṣà nílé, ẹ̀rù ló ń bà mí. Tó bá wọlé tán tó lóun ò jáde mọ́ ńkọ́? Tí ò bá sanwó ńkọ́?"

Chrysoula rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ìbẹ̀rù yín pọ̀ ju ilé yín lọ! Ìjọba ìbílẹ̀ ti ṣètò fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwa la máa háyà á lọ́wọ́ yín, ká tó fún tíṣà. Tíṣà sanwó o, kò sanwó o, àwa la máa san tiyín lóṣooṣù. Òrùlé tó ń jò yẹn, a ó tún un ṣe. Ohun tí agbára tíṣà ká la ó gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí àdéhùn bá parí, ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́ yín padà lọ́wọ́ wa."

"Ẹ̀yin ìjọba! Ṣé o ò parọ́ fún mi báyìí?"

"Èmi tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé nígbà ìsàmì? Ẹ wá sí ọ́fíìsì lọ́la, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wù yín. Ilé tuntun tí ìjọba ń kọ́ ò lè tètè kárí, bẹ́ẹ̀ ilé òfìfo ló kún ìlú yìí."

"Anthoula ńkọ́?"

"Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í."

Ìyá pè é, ó ń kólòlò, ó ń tọrọ àforíjì. Àfi bí Anthoula ṣe bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù.

"Mọ́mì, tí mo bá wálé lóṣù kẹjọ, ṣé òkè ni mo máa ń sùn ni? Ṣebí ẹ̀gbẹ́ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Nítorí Dádì ni mo ṣe dákẹ́."

Ìyá sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú, ó gòkè lọ, ó sì ká gbogbo aṣọ funfun yẹn kúrò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ fọwọ́ sí àdéhùn lọ́fíìsì, ó sì ní kí tíṣà má lọ mọ́.

Ọkọ̀ ọjọ́ Ajé lọ láìgbé Evanthia. Pálọ̀ Ìyá ló ń sùn sí títí wọ́n fi tún òrùlé ṣe, kó tó gòkè lọ sílé tirẹ̀. Ìyá lọ tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Chrysoula, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ọ́fíìsì tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fura sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní títì, ẹ lọ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá irú ètò yìí wà. Ẹ rí i pé orúkọ ìjọba wà nínú àdéhùn, kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ yín máa padà. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n ṣì fẹ́ ilé náà. Ẹ má rò ó fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sì sanwó ilé tí ẹ ò tíì fojú rí. Tíṣà àti nọ́ọ̀sì tí ò ríbi sùn kò lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Lóṣù kẹsàn-án tí ilé ẹ̀kọ́ tún wọlé, agogo ilé ẹ̀kọ́ wa dún. Evanthia máa ń bọ́ bàtà kó tó wọlé lálẹ́, kí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà da Ìyá láàmú nísàlẹ̀. Ìyá ní kó má bọ́ ọ mọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń retí kí ẹsẹ̀ máa rìn lókè òun.