Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nípa Fèrè Ìyá Mi

"Ka ibi tó dùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Alága àwọn onílé àdúgbò wa wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga tìmùtìmù rẹ̀ bí ẹni tó jogún ayé.

Mo gbé ìwé náà sókè, mo kà á: "'Kì í ṣe ìkìlọ̀ ni obìnrin awakọ̀ yìí ń ṣe. Eré ló ń fi fèrè rélùwéè ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti fọn èyí tí òfin là sílẹ̀ tán, ó tún máa ń fọn kékeré kan láti fi kí ọmọ rẹ̀ nílé.'"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onílé méje, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ, ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni ọmọ náà. Ìyá mi ni awakọ̀ náà. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àgbà ni Alága, ó sì yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é. Ẹ má bínú, n kò ní ṣe é. Ìyá mi ni màá fi "wọ́n" pè nínú ìtàn yìí.

Kí ni mo wá dé ilé Alága? Nítorí àga kan ni mo ṣe lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, ní yàrá kan tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí. Tábìlì gígùn wà níbẹ̀, àga mẹ́rin sì yí i ká. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí gbogbo kíláàsì ń wò lójú ló máa ń bá a kàwé ìdánwò àṣekágbá níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń rìn kọjá níwájú fèrèsé yẹn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kó lọ sí ìlú mìíràn, àga kan ṣófo.

"Bàbá mi ní ìwọ lo mọ ìwé kọ jù ní kíláàsì wa, kí o bá àwọn kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ rélùwéè nípa fèrè yẹn," ni Ọmọ Alága sọ fún mi. "Bí fèrè yẹn kò bá dákẹ́, a ò lè kàwé. Bí a ò bá sì lè kàwé, kí lo fẹ́ máa wá ṣe nílé wa?"

Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Mo jókòó, mo kọ ọ́. Irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni mí.

Ẹ má sì rò pé àìmọ̀ ló bá mi. Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ mi ní iṣẹ́ fèrè. "Bí mo bá tẹ bíréèkì níwájú ilé ìwé yín," ni wọ́n máa ń wí, "ọjà ni ọkọ̀ yẹn yóò ti dúró. Kò lè yà fún èèyàn bíi mọ́tò. Ẹ̀yìn ni ariwo rẹ̀ ń gbà lọ, ẹni tó wà níwájú kì í tètè gbọ́ ọ. Kí ló kù lọ́wọ́ mi? Fèrè ni." Bí wọ́n bá ti dé ibi pátákó funfun kan lẹ́bàá irin, wọn á fọn méjì gígùn, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gígùn, wọn ò sì ní dá èyí tó kẹ́yìn dúró títí imú ọkọ̀ yóò fi bo títì tó dábùú irin. Òfin ni. Ẹ̀rọ kan sì wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹ́ dé kọ́nà, lẹ́yìn títì yẹn, wọ́n tún máa ń fọn ọ̀kan ṣókí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ ni mò ń kí." Mo gbà á gbọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Òun ni mo wá gbé lé Alága lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìyá mi wọlé lọ́sàn-án gangan, wọ́n bọ́ bàtà iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fi ẹ̀dà lẹ́tà kan sórí tábìlì ilé ìdáná. Iléeṣẹ́ ti gbé wọn kúrò lórí ọkọ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa to kọ́kọ́rọ́ ní ọ́fíìsì títí ìwádìí yóò fi parí. Bí iléeṣẹ́ bá dá ìyá mi lẹ́bi, wọn ò ní wa ọkọ̀ mọ́ láyé.

"Ó rẹ ojú mi," ni ìyá mi wí. "Bá mi kà á sókè."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé "láti fi kí ọmọ rẹ̀ nílé," ìyá mi ní kí n dúró.

"Èèyàn mélòó ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Méjì, mà."

"Àwọn wo ni?"

"Ẹ̀yin àti èmi."

Wọ́n mi orí. "Ẹni tó kọ ọ́ mọ ìwé kọ," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ pé olè kan mọ ilẹ̀kùn ṣí. Ó yá mi lára kí wọ́n gbá mi létí. Wọn ò gbá mi.

"Ihò kan wà lára ọgbà wáyà lẹ́yìn kọ́nà yẹn," ni wọ́n tún wí. "Àwọn onílé yín ló gé e, kí wọ́n má baà rìn dé títì kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé gíga Alága yín ló dí ohùn fèrè àkọ́kọ́ mọ́ wọn létí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ pé kí wọ́n wá dí i. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Nígbà tí n kò rí wọn, mo ń fọn fèrè."

"Ẹ sọ fún mi pé èmi lẹ ń kí."

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́ nígbà yẹn. Ṣé kí n sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún pé nítorí kí èèyàn má baà kú ni?"

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ni kòkòrò.

Lọ́jọ́ ìwádìí, a pàdé nínú yàrá kan ní ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn onílé méje wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ọmọ Alága jókòó ti bàbá rẹ̀. Olùwádìí, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ gíláàsì, gbé lẹ́tà náà sókè. "Ta ló kọ èyí?"

"Àwọn ọmọdé àdúgbò ni," ni Alága wí. "Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe rí. Àwa kàn bá wọn fọwọ́ sí i ni."

Mo wo ojú àwọn tó kù. Ọ̀kan ń wo àjà. Ọ̀kan ń wá nǹkan nínú àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi nìyí. Ọmọ Alága sì ń wò mí, ó rọra mi orí pé kí n dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń sọ: bí mo bá dákẹ́, àga mi ṣì wà níbẹ̀.

Mo dìde. "Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Wọ́n bẹ̀ mí, mo sì gbà. Irọ́ ni. Fèrè kejì yẹn, àwọn tó ń gba inú ihò ara wáyà kọjá ni ìyá mi ń fọn ọ́ fún."

"Kò sí ihò kankan ládùúgbò wa," ni Alága wí, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́.

Olùwádìí dé ìdérí bíírò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Gbogbo wa rìn lọ. Ihò náà wà níbẹ̀ gbayawu, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ ojú ọ̀nà síbẹ̀ títí koríko fi kú. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé àwọn ewúrẹ́ ló ṣe é nígbà tí obìnrin kan yọ láti òdìkejì irin, ó fi báàgì ńlá méjì kọ́ apá, búrẹ́dì yọrí nínú ọ̀kan. Ìyàwó Alága ni. Ó ti dé àárín irin kó tó rí wa. Ojú tì í, ó dúró síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ ṣe.

A ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi nìkan ló wo aago ọwọ́ wọn, tí wọ́n sì wo kọ́nà.

"Sá kúrò níbẹ̀!"

N kò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí. Obìnrin náà ju báàgì sílẹ̀, ó fò, ó ṣubú sínú koríko lẹ́sẹ̀ wa. Awakọ̀ tó rọ́pò ìyá mi, tí iléeṣẹ́ ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ fọn fèrè kejì, yọ ní kọ́nà. Ìgbà tó rí wa ló tó fọn ọ́, ọkọ̀ sì ti gun orí búrẹ́dì.

Nígbà tí ariwo rẹ̀ lọ tán, Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irú awakọ̀ burúkú wo nìyẹn? Kí ló dé tí kò tètè fọn fèrè?"

Olùwádìí wò ó títí. "Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé kí wọ́n má fọn ọ́ mọ́, sà."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi padà sórí ọkọ̀ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n dí ihò náà, kò gbà wọ́n tó wákàtí kan. Alága kò tọrọ àforíjì. Ohun tó ń sọ káàkiri ni pé ọgbọ́n òun ló mú kí wọ́n tún wáyà ṣe. Ọmọ rẹ̀ kò sì dá mi lóhùn ní kíláàsì mọ́. Tábìlì ilé ìdáná wa ni mo ti ka ìyókù ìwé ìdánwò mi.

Ìyá mi ní àwọn ti dárí jì mí. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí àfi ti fèrè yẹn, wọn kì í purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí a bá ń jẹun alẹ́, wọ́n máa ń ròyìn gbogbo ohun tí wọ́n rí lójú irin fún mi. Nísinsìnyí, bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ lọ dáadáa," wọ́n á sì máa jẹun lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ilé yín wá ojúrere níta. Ẹni tó bá ní kí o kọ́kọ́ ta ìyá rẹ kí o tó lè bá òun jókòó, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Àga lásán ló ní.