Jíà Ló Ń Bọ́, Kì í Ṣe Ọwọ́ Ìyá Ìbejì

Bí Ìyá Ìbejì ṣe wọlé nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kò bọ́ bàtà, kò béèrè àwọn ọmọ. Ó kàn jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàbá."

"Káàbọ̀. Kò sí nǹkan, àbí?"

"Jíà tún bọ́ sí fíríì fúnra rẹ̀, kò di ọkọ̀ mú mọ́. Mo kó sìmẹ́ǹtì sínú tírélà, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ọkọ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló wà níwájú mi. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n kọ lù wọ́n."

Bàbá náà ti wa tírélà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, òun ló sì ra ọkọ̀ tuntun yìí, tó fà á lé e lọ́wọ́. Ó mirí.

"Ọwọ́ ẹ ni. O kì í ti jíà wọlé dáadáa. Ọkọ̀ tuntun, kí ló máa ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Àwọn dírẹ́bà tó gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin ni wíwa tírélà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò retí rẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe irú tírélà wọn ń pe àwọn ọkọ̀ kan nínú wọn padà, torí jíà wọn lè bọ́ lórí ìrìn. Kí olúkúlùkù fi nọ́ńbà ṣáàsì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí irin abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, pè wọ́n.

"Pè padà kẹ̀? Wọ́n fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ mi ni," ni Bàbá wí. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Èmi ni mo máa wà á lónìí."

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. N ò ní fún yín."

Kò pariwo. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó lọ sídìí ọkọ̀, ó ń ka nọ́ńbà sórí fóònù. Ọkọ̀ tiwọn wà lára àwọn tí wọ́n ń pè padà. Ilé-iṣẹ́ náà ní kó má wà á mọ́ rárá, pé àwọn ń rán ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọ bọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá wọ́ ọ lọ sí ilé-iṣẹ́ náà, Bàbá tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó ti ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Nígbà tí ẹnjinníà ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí gírísì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, tú jíà tán, ó pe Bàbá súnmọ́.

"Ẹ fọwọ́ kan eyín irin yìí, Bàbá. Bó ṣe jáde lọ́dọ̀ wa ni kò ti gún régé. Bí ọkọ̀ bá ti ru ẹrù, tó ń sọ̀kalẹ̀, yóò yọ̀ bọ́. Kò sí ọwọ́ dírẹ́bà tó lè dá a dúró."

"Kí lẹ máa wá ṣe sí i?"

"Tuntun la máa fi sí i. Àṣìṣe wa ni, ẹ ò ní san nǹkan kan. Ẹ óò sì wa ọkọ̀ yín lọ sílé."

Bàbá fọwọ́ pa irin náà títí. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Mo kàn dá ẹ lẹ́bi lásán ni. Má bínú."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, ó kó ẹrù, ó gba orí òkè náà lọ, bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jíà jókòó ṣinṣin. Ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe dé gáréèjì tírélà, Bàbá yọ orí lójú fèrèsé.

"Ọmọ mi rèé. Òun ló gba ọkọ̀ yìí là, ó sì gba èmi náà là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa irú ẹ̀, ẹ lọ wo nọ́ńbà yín."

Dírẹ́bà kan tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-Bíréèkì, ẹni tó máa ń fi Ìyá Ìbejì ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò. Ó fi nọ́ńbà náà pe ilé-iṣẹ́, tiẹ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n ń pè padà. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ tọ̀hún lọ, wọ́n wọ́ tèyí lọ, gbogbo wọn ló padà wálé láyọ̀. Kò sí ẹni tó ṣòfò ẹ̀mí.

Ẹ̀yin oníọkọ̀ àti dírẹ́bà, bí ilé-iṣẹ́ bá pe ọkọ̀ padà, wọn ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Wọ́n fẹ́ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsì yín pè wọ́n kẹ́ ẹ tó tún kó ẹrù. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má wà á, ẹ má wà á. Bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ yín bá sì ní jíà ń bọ́, ẹ gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.