Ọjọ́ Ìrántí Láwàlì

Fáòsíà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Òun àti Hàdízà jọ ń tún òkìrìkà rán lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ọjà Kantamanto, ìṣojú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń pòṣé.

Ọ̀sán gangan ni Láwàlì yọ láàárín àwọn ìdì aṣọ. Ó ga, ó dúdú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n ya agbárí òkú sí láyà, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó ti inú odò bọ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Hàdízà gbójú sókè, abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́.

"Ańtí, ẹ bá mi gán etí aṣọ yìí. Etí rẹ̀ nìkan o."

Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn olórin rọ́ọ̀kì àti mẹ́tà, àwọn òyìnbó onígìtá tí ń pariwo, nìkan ni Láwàlì ń ṣà nínú ìdì aṣọ, òun ló sì ń tà. Hàdízà kò mọ̀. Aṣọ gbígbó tó ní ihò mẹ́jọ ló rí, àánú ọkùnrin náà sì ṣe é. Ó dí gbogbo ihò. Ó wá fi ègé àǹkárá olódòdó bo agbárí náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Láwàlì dé lọ́jọ́ kejì, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ańtí, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo tún un ṣe ni."

"Ọ̀la ló pé ogójì ọdún tí àwo orin àwọn olórin yìí jáde. Ẹnìkan ń bọ̀ láti òkè òkun wá rà á. Ihò yẹn gan-an ló fẹ́."

"Ta ní ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá ra ihò?"

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jọ ń tú u, Hàdízà ń fi abẹ gé òwú, Láwàlì ń fà á yọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ló kù.

"Ẹ má tún gbé aṣọ wá fún mi mọ́ láyé."

"Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ó wá lọ́la, ó wá lọ́túnla, títí àwọn méjèèjì fi di olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ Láwàlì a máa tánni ní sùúrù. Bí wọ́n bá jókòó ti kẹnkẹ́ àti ẹja díndín, Láwàlì á ní, "Olólùfẹ́ mi, òní ló pé ọgbọ̀n ọdún tí onílù wọn kú."

"Mélòó ló ti kú láti ọjọ́ Ajé, Láwàlì? Jẹ ẹja rẹ."

Bàbá Hàdízà, Àlùfáà Sàláù, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì ní àdúgbò Darkuman. Ó ní kí Láwàlì mú ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ọjọ́ náà gan-an ni àwo kan pé àádọ́ta ọdún, Láwàlì àti àwọn onígìtá àdúgbò Jamestown sì fẹ́ ṣàjọyọ̀ rẹ̀ létí òkun. Láwàlì rò pé òun á yà síbẹ̀, òun á sì tètè bọ̀.

Àbúrò bàbá rẹ̀ nìkan ló jókòó sí pálọ̀ Àlùfáà, tó ń fi ìtìjú mu omi. Ìrun Alásárì ti kọjá kí Láwàlì tó wọlé, tòun ti agbárí láyà.

"Kí lo lọ ṣe?" ni Àlùfáà bi í.

"Àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún ni, sà."

"Ta ló pé àádọ́ta?"

"Àwo orin ni, sà."

Àlùfáà tọ́ka sí agbárí náà. "Àwọn olórin yẹn kò mọ̀ bóyá o wà láyé. Àwa mọ̀, àwa lo sì fi sílẹ̀ níjòókòó. Ẹ máa lọ sílé."

Nígbà tí Láwàlì wá bẹ Hàdízà ní Kantamanto, obìnrin náà kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Láti àárọ̀ ni mo ti wé gèlè dè ọ́. Lọ fẹ́ àwo."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Láwàlì wọ kaftáànì funfun, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Àlùfáà lẹ́yìn Àìlà. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sẹ́ni tó lé e. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àìkú mẹ́rin. Ní ìkarùn-ún, fóònù rẹ̀ ń dún ṣáá nínú àpò.

"Ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?" ni Àlùfáà bi í láti ojú fèrèsé.

"Àwọn ará Jamestown ni, sà. Ìrántí kan bọ́ sí òní. Èyí tó tóbi ni."

"Ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe ìrántí?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ló dé tí o ò lọ?"

"Ibí ni mo pẹ́ dé, sà. Mi ò fẹ́ pẹ́ mọ́."

Àlùfáà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. "Pe àbúrò bàbá rẹ. Kó máa bọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n mú ọjọ́ yìgì. Láwàlì la ẹnu, ó fẹ́ sọ ìrántí olórin tó bọ́ sí ọjọ́ náà. Hàdízà, tó ń gbé omi wọlé, wò ó. Láwàlì pa ẹnu dé.

"Ọjọ́ náà dára, sà."

Nígbà tí wọ́n so yìgì tán, Hàdízà kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Àdúrà bàbá tó yẹ kó gùn kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. "Máa lọ, ọmọ mi. Ọkọ rẹ ń dúró."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń fọn imú lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá yíjú, bàbá á bú sẹ́kún lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ Láwàlì mú, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò wẹ̀yìn.