Okùn Ọwọ́ Bàbá

Tíṣà ìṣirò na ṣọ́ọ̀kì sí ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì. "Gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ lo gbà. Wá fi bí o ṣe ṣe é hàn wá."

Ó dúró gbagidi níwájú pátákó. Ìwé Tíńtín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dà kọ. Kò sí èyí tó yé e níbẹ̀.

"Ọmọ bíríkìlà, ṣé ká bá ẹ po sìmẹ́ǹtì ni?" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. "Lọ́la, tó ò bá lè ṣàlàyé onígun mẹ́ta tí ìhà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún yìí, màá yọ orúkọ rẹ lára àwọn tó máa ṣèdánwò àṣekágbá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọbìnrin náà wọ́ ẹsẹ̀ dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti fẹ́ la ìpìlẹ̀ ilé kan. Láti kékeré ló ti máa ń bá a di okùn mú tí ilé-ìwé bá ti parí.

"Ìwọ, kí ló dé tójú ẹ rí bí ògiri tutù tójò pa?"

"Ìṣirò ni, Bàbá. Kò lè yé yín."

"Kò burú. Okùn ṣáà yé mi. Dì í mú síbí."

Okùn méjì pàdé níbi èèkàn igun ilé. Bàbá wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láti ibẹ̀ lára okùn kan, ó sàmì; ó wọn mẹ́rin lára ìkejì. Ó wá na tépù láti àmì dé àmì. "Tí kò bá pé márùn-ún géérégé, igun ilé ti wọ́ nìyẹn. Onílé á gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, kò ní bá ògiri mu. Èmi ni wọ́n á máa bú!"

Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ọmọ náà rántí onígun mẹ́ta ojú pátákó.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti ń ṣe báyìí?"

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni. Àbí o rò pé ojú lásán ni mo fi ń kọ́lé?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi kọ ọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀. "Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Ẹ rò wọ́n pọ̀... mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Márùn-ún lọ́nà márùn-ún nìyẹn!"

Bàbá ṣí fìlà, ó họrí. "Ìyẹn lèmi ò mọ̀ o. Jókòó, tún un sọ fún mi."

Wọ́n jókòó sórí bíríkì, bàbá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ bàbá.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún tíṣà pé òun dàwé kọ. Tíṣà fún un ní òdo lórí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé onígun mẹ́ta, kò sì ta kókó níbì kan. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára àwọn tó máa ṣèdánwò.

"Ta ló là á yé ọ?" ni tíṣà bi í.

"Bàbá mi ni, sà. Bíríkìlà ni wọ́n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ọgbọ́n tí à ń jí wò nínú ìwé ẹlòmíràn lè wà lọ́wọ́ ẹni tí à ń tijú láti fi hàn. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ṣì wà lókè eèpẹ̀, kó tètè bi í léèrè.